Ihò éríà tí panẹ́bítà dí: àkọsílẹ̀ MGB 1965 kan ní Òṣogbo

MGB ọdún 1965 ni mọ́tò náà, onílẹ̀kùn méjì, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ tó ṣeé ká sẹ́yìn. Àgbà olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín, ní apá Òkè-Fìà níbí. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Bàbá wọn ló rà á nígbà tí wọ́n ń kàwé ní Ìlú Ọba, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wálé. Ó sùn sínú gáréèjì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Tíṣà tó ní kí wọ́n jí i. Ẹ́ńjìnnì ti ṣe, pénítà ti fín ọ̀dà, wọ́n ti rán ìjókòó. Rédíò ló kù.

Ohun mẹ́ta ni Tíṣà ń fẹ́. Kí rédíò Radiomobile tó wà nínú daṣibọ́ọ̀dù máa sọ̀rọ̀. Kí éríà rẹ̀, ọ̀pá tó ń gba ìgbì rédíò, wà bó ṣe wà láyé bàbá wọn. Kí àwọn sì lè máa gbọ́ rédíò Òkè-Baálẹ̀, 104.5, bí wọ́n bá ń wa mọ́tò náà jáde láàárọ̀ Sátidé. Ẹni tó bá mọ rédíò mọ́tò àtijọ́ á ti rí i pé ìfẹ́ kẹta yìí ń bá ti àkọ́kọ́ jà. Radiomobile ti inú mọ́tò yìí kò ní FM rárá; MW (ìgbì àárín) àti LW (ìgbì gígùn) nìkan ló ń gbà. Lọ́dún 1965, ìyẹn tó. MW ni wọ́n fi ń gbọ́ WNBS, iléeṣẹ́ rédíò Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, láti Ìbàdàn nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó ń wá FM kiri.

Kí iṣẹ́ náà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ọwọ́ mìíràn ti kàn án. Rédíò-mẹ́káníìkì kan ti pààrọ̀ sípíkà, ó sì ti lu ihò tuntun sí fẹ́ńdà ọ̀tún fún éríà kan tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Éríà náà ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n fún fẹ́ńdà tó tẹ́jú ni wọ́n ṣe ìdí rẹ̀, ti MGB sì ṣe gbùngbù, nítorí náà ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kébù rẹ̀ kò gùn tó, wáyà tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi so ó gùn. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì sáátì, rédíò á sọ "tọ́, tọ́, tọ́" díẹ̀, á sì dákẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá bẹ̀rẹ̀, ariwo á bò ó bí gúgúrú tó ń bẹ́ nínú ìkòkò, bí a bá sì ṣe ń tẹ iná sí i ni gúgúrú náà ń yára sí i. Kò sí ohùn ènìyàn kankan lábẹ́ ariwo yẹn.

Rédíò-mẹ́káníìkì náà ti gbìyànjú láti pa ariwo ọ̀hún. Ó mọ̀ pé kọ́ńdẹ́ńsà, ohun kékeré tó ń gbé ariwo iná mì, ni wọ́n ń fi sí ara kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, òótọ́ sì ni. Ojú kékeré méjì ni kọ́ìlì Lucas ní, SW (kì í ṣe ti ìgbì rédíò) àti CB. Láti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni iná ti ń wọ SW. CB ló lọ sínú dísítíríbútọ̀ tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, sí kọ́ńtáàtì. Ojú SW ni kọ́ńdẹ́ńsà tó ń pa ariwo rédíò gbọ́dọ̀ wà. CB ni ó so ó mọ́. Kọ́ńdẹ́ńsà kékeré kan ti wà fún kọ́ńtáàtì látilẹ̀wá, òṣùwọ̀n rẹ̀ kò sì gba kí ẹnikẹ́ni fi ńlá mìíràn kún un. Iná púlọ́ọ̀gì á rọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Nígbà tí Tíṣà gbé e jáde sí ọ̀nà Gbọ̀ngán, ẹ́ńjìnnì ń kọ́, ó ń jágbe, wọ́n sì dá a padà sílé pẹ̀lú èrò pé kábúrẹ́tọ̀ ló bàjẹ́. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tú kábúrẹ́tọ̀ SU méjèèjì tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo yọ kọ́ńdẹ́ńsà yẹn kúrò lójú CB, ẹ́ńjìnnì padà sípò lójú ẹsẹ̀.

Ìdánwò tó yẹ kó ṣáájú gbogbo èyí kò gba irinṣẹ́ kankan. Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí rédíò wà ní títàn, kí a wá fa púlọ́ọ̀gì éríà kúrò lẹ́yìn rédíò. Bí ariwo bá ń bá a lọ, ojú wáyà iná ló gbà wọlé. Bó bá dákẹ́, éríà ló ń gbà wọlé, kò sì sí kọ́ńdẹ́ńsà tó lè yanjú rẹ̀ tán. Nínú mọ́tò Tíṣà, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ rédíò, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo éríà àti ibi tó dúró sí.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe máa ń wá ìwé tó máa sọ fún wọn pé ibi báyìí ni éríà gbọ́dọ̀ wà. Ìwé lè wúlò fún Datsun 240Z tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, nítorí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló fi éríà sí ìhà ẹ̀yìn rẹ̀. MGB kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Abingdon, ní Ìlú Ọba, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é láti 1962 títí di 1980, ohun àfikún ni rédíò. Ẹni tó ń ra mọ́tò ló ń sọ fún ẹni tó ń tà á pé òun ń fẹ́ rédíò, ẹni yẹn á sì gbé dírílì. Ibi tó bá wù ú ló ń lu. Nítorí náà, ẹni tó bá fi gbogbo ẹnu sọ pé "ibi tí éríà MGB máa ń wà nìyí," mọ́tò tirẹ̀ ló ń sọ. Ti ìbẹ̀rẹ̀ fún mọ́tò Tíṣà ni ohun tí ẹni tó tà á fún bàbá wọn ṣe lọ́jọ́ náà, ara mọ́tò yẹn nìkan la sì ti lè kà á.

Mo fi mágnẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí mo fi aṣọ wé yí fẹ́ńdà méjèèjì ká. Ní fẹ́ńdà òsì, níbi kan tí kò jìnnà sí ìdí gíláàsì iwájú, mágnẹ́ẹ̀tì kọ̀, kò di nǹkan kan mú. Bọ́dì fílà, èyí tí panẹ́bítà fi ń dí ojú irin, ló wà lábẹ́ ọ̀dà níbẹ̀. (Ẹ má fi ti bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣe o. Alumíníọ̀mù ni bọ́nẹ́ẹ̀tì MGB àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn, mágnẹ́ẹ̀tì kò ní lẹ̀ mọ́ ọn láéláé. Mo mọ ẹnì kan tó fẹ́ họ gbogbo ọ̀dà bọ́nẹ́ẹ̀tì kúrò nítorí ó rò pé fílà ni.) Mo yọ táyà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ fẹ́ńdà láti inú ihò táyà. Àwo irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi dí ihò roboto náà láti abẹ́, wọ́n sì rọ fílà lé e lórí.

Síbẹ̀, bóòtù ni wọ́n fi de fẹ́ńdà iwájú MGB mọ́ ara. Ó ṣeé ṣe kí fẹ́ńdà yẹn ti ara mọ́tò mìíràn wá, pẹ̀lú ihò ẹlòmíràn. Mo wo irin inú, èyí tí a kì í pààrọ̀. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ ní ìhà òsì, rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ, ó ti là, kébù éríà àtijọ́ kan tí wọ́n gé kù díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Tíṣà ní kí n dúró, wọ́n wọlé, wọ́n mú fọ́tò kan jáde. Bàbá wọn ló dúró ti mọ́tò náà, éríà gùn lókè fẹ́ńdà òsì. Fọ́tò àtijọ́ lè jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ìdàkejì, nítorí náà mo kọ́kọ́ wo nọ́ńbà rẹ̀: ó ṣeé kà tààrà, sitiárì sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi dí i? Tíṣà rántí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ ní apá òsì títì, a bọ́ sí apá ọ̀tún. Éríà tó ti ń wà ní ìhà ẹ̀gbẹ́ títì nígbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀, ojú ibi tí ọkọ̀ ń kọjá ló wá kọjú sí. Lọ́rì kan fi ara gbá a mú lọ, bàbá wọn bínú, wọ́n ní kí panẹ́bítà dí i. Tẹ́ni tó dí i kò burú nígbà náà. Ohun tó ṣòro ni pé kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ níbìkankan, nígbà tí ọ̀rọ̀ sì tún dé, wọ́n lu òmíràn sí apá kejì láì bi ara wọn léèrè.

Apá kejì yẹn gan-an ni wàhálà wà. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì MGB, kí ẹ dúró bíi pé ẹ wà lórí ìjókòó tí ẹ ń wo iwájú. Kábúrẹ́tọ̀ àti sàléńsà wà ní òsì ẹ́ńjìnnì. Dísítíríbútọ̀, púlọ́ọ̀gì àti àwọn wáyà wọn wà ní ọ̀tún. Gbogbo ibi tí iná ti ń fò nínú ẹ́ńjìnnì yẹn, ọ̀tún ni. Ẹni tó bá gbé éríà sí fẹ́ńdà ọ̀tún, ẹgbẹ́ orísun ariwo ló gbé e sí. N kò lè búra pé ẹni tó tà á fún wọn lọ́dún náà lọ́hùn-ún ronú débẹ̀, ṣùgbọ́n fẹ́ńdà òsì ló bọ́gbọ́n mu.

Mo sọ fún Tíṣà pé kí a tún ihò òsì ṣí. Wọ́n wo ọ̀dà tuntun tí owó wọn bá lọ. "Ṣé kò ní dà bíi pé a ń ba nǹkan jẹ́, ọmọ mi?" Mo ní, "Ọ̀dà nìkan la máa fọwọ́ kàn, sà. Irin ibẹ̀ ti ní ihò kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé ìdí ẹ̀." Panẹ́bítà tú àwo pẹlẹbẹ náà láti abẹ́, ó họ fílà kúrò, ihò 22 mm sì yọ, etí rẹ̀ mọ́ dáadáa. Wọn kò jẹ́ kí n jó ihò ọ̀tún pa lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ó di ìgbà tí wọ́n bá tún fín ọ̀dà. A fi rọ́bà dí i fún ìsinsìnyí, kí omi má wọlé.

Ẹbí kan ní Ìlú Ọba fi éríà tó bá a mu ránṣẹ́, irú èyí tí ìdí rẹ̀ ṣeé tẹ̀ kó bá fẹ́ńdà mu, tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ kékeré ṣí kó tó jáde. Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́ dáadáa rèé. Ìdí irú éríà bẹ́ẹ̀ ní eyín lábẹ́, eyín yẹn ló gbọ́dọ̀ bu irin abẹ́ fẹ́ńdà ṣán. Bí ọ̀dà bá wà níbẹ̀, tàbí ọ̀dà dúdú tó ń dènà ìpẹtà, eyín á dúró lórí ọ̀dà, aṣọ ìta kébù, irin tó yí wáyà àárín ká, kò ní kan ara mọ́tò, kébù náà fúnra rẹ̀ á wá máa gba ariwo bí éríà. Òrùka irin tín-ín-rín ni mo họ mọ́ lábẹ́, mo fi gíríìsì pa á lẹ́yìn tí mo ti fún un le, kí òjò Òṣogbo má sọ ọ́ di ìpẹtà. Lẹ́yìn náà ni mo gbé mítà. Láti aṣọ ìta kébù dé irin mọ́tò, ó gbọ́dọ̀ kéré ju óòmù kan lọ. Láti orí éríà dé abẹ́rẹ́ àárín púlọ́ọ̀gì, kí iná máa kọjá. Láti abẹ́rẹ́ àárín dé aṣọ ìta, kí ohunkóhun má kọjá rárá. Éríà tí mo yọ ní ọ̀tún kùnà nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Orí ọ̀dà lásán ló jókòó sí.

Kébù náà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ìgbì MW tó wà ní 1000 kHz gùn tó 300 mítà. Éríà mítà kan kò já mọ́ nǹkan kan níwájú rẹ̀. Ìwọ̀nba iná tí éríà rí kó kéré débi pé, bí kébù bá ní kapasítánsì (agbára láti gba iná mọ́ra) púpọ̀, kébù á gbé gbogbo rẹ̀ mì kó tó dé rédíò. Ìdí nìyí tí inú kébù éríà mọ́tò fi rí bó ṣe rí: wáyà àárín tín-ín-rín bí irun, afẹ́fẹ́ púpọ̀ láàárín òun àti aṣọ ìta. Wáyà RG-58 tí àwọn oní-wókítókì ń lò ní kapasítánsì tó 100 pF nínú mítà kan. Ti tẹlifíṣọ̀n kéré sí i, ṣùgbọ́n ó ṣì pọ̀ jù. Ẹni tó bá fi wọ́n so éríà mọ́tò gùn kò ní mọ nǹkan tó ṣe lórí FM. Lórí MW, ó ti pa rédíò. Kébù tó bá éríà tuntun náà wá dé ẹ̀yìn rédíò láti òsì láìsí àsomọ́ kankan.

Lẹ́yìn èyí, ó ku sukúrú kékeré ara rédíò, tirímà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Òun ló ń bá rédíò àti éríà mú ara wọn. A ń wá iléeṣẹ́ tí ohùn rẹ̀ kò le, ní ìtòsí 1400 kHz, a ó máa yí sukúrú náà díẹ̀díẹ̀ títí ohùn á fi ròkè jù. Ní ọ̀sán, MW kò ní nǹkan kan tí mo lè fi ṣe é ní Òṣogbo. A dúró di alẹ́, nígbà tí ìgbì jíjìn máa ń gba òfúrufú wá. Haúsá àti Faransé la bá pàdé. Ohùn alẹ́ ń lọ ó ń bọ̀, nítorí náà kò yẹ kí èèyàn yára gbà pé sukúrú ló mú un ròkè. Mo ní láti yí i, kí n dúró, kí n tún yí i. Tíṣà jókòó sínú mọ́tò láìsọ̀rọ̀ títí tó fi yè. Mo so kọ́ńdẹ́ńsà 1 µF mọ́ ojú SW, mo so wáyà pẹlẹbẹ kan láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ara mọ́tò, mo sì pààrọ̀ wáyà púlọ́ọ̀gì sí irú tó ní ríṣísítà. Gúgúrú lọ.

Ó wá ku 104.5. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Tíṣà ti fẹ́ yanjú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú skírìn Android tó rà. Ó so wáyà pupa mọ́ wáyà tí iná wà nínú rẹ̀, dúdú mọ́ ara mọ́tò, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Skírìn náà kò tàn, kò sì ní tàn mọ́. Pọ́sítíìfù bátìrì ló wà lára irin nínú mọ́tò náà. Ọ̀pọ̀ mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà rí bẹ́ẹ̀, MGB sì wà lára wọn títí di 1967. Bátìrì fọ́ltì mẹ́fà méjì tí wọ́n so pọ̀ lẹ́yìn ìjókòó, pọ́sítíìfù lára irin, dàínámò níwájú. Radiomobile náà, tí wọ́n ti yí sí ìhà yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti fi í sí i, kò níṣòro kankan pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn kan dámọ̀ràn pé kí n yí gbogbo mọ́tò náà sí nẹ́gẹ́tíìfù. Ó ṣeé ṣe: kí a pààrọ̀ orí bátìrì, kí a fún dàínámò ní iná kó lè mọ ìhà tuntun, kí a yí wáyà ojú kọ́ìlì méjèèjì, kí a yí rédíò náà. N kò fẹ́. Mọ́tò tó ti rí bẹ́ẹ̀ láti Abingdon kò yẹ kó yí ara rẹ̀ padà nítorí rédíò ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Àwọn mìíràn ní kí a tú inú Radiomobile dà nù, kí a fi ẹ̀rọ FM sí ikùn rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, mo sì ti rí èyí tó dára, ṣùgbọ́n ohun tí a bá tú dà nù kò ní padà.

Rédíò FM kékeré kan la gbé sínú àpótí ìfiǹkansí. Pàkúté tó wà níbí ni pé, bí èèyàn tilẹ̀ fi rọ́bà wé ara rẹ̀ kó má kan irin, aṣọ ìta kébù éríà ti kan irin mọ́tò ní fẹ́ńdà, irin yẹn sì jẹ́ pọ́sítíìfù. Nínú rédíò FM, nẹ́gẹ́tíìfù ni aṣọ ìta yẹn so mọ́. Bí irú rédíò bẹ́ẹ̀ bá gba iná láti ara bátìrì mọ́tò, inú kébù éríà ni iná á gbà jó. Power bank ni mo fi ń fún un níná. Kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú bátìrì mọ́tò, kébù éríà nìkan ni ibi tí wọ́n ti kan ara wọn, ibi kan ṣoṣo kò sì lè fa jíjó. Ó ní sípíkà tirẹ̀. Tíṣà kàn ń yọ púlọ́ọ̀gì éríà kúrò lẹ́yìn Radiomobile, wọ́n á fi sí èyí.

Fún 104.5, éríà tó jáde tó 72 sẹ̀ǹtímítà ló dára jù, ìyẹn ìdá mẹ́rin gígùn ìgbì rẹ̀. Fún Rave FM, 91.7, ó tó 82. Mo fi pẹ́ńsù sàmì sí i fún wọn. Fún MW lálẹ́, kí wọ́n fà á jáde pátápátá.

Ẹni tó bá gba irú iṣẹ́ yìí, kó kọ́kọ́ gbé mítà sí bátìrì kó mọ èyí tó wà lára irin kó tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Kó fa púlọ́ọ̀gì éríà kó tó ra kọ́ńdẹ́ńsà. Kó sì wo irin inú kó tó gbé dírílì sí fẹ́ńdà. Mo kọ ti mọ́tò yìí sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: pọ́sítíìfù lára irin, ihò òsì ni ti ìbẹ̀rẹ̀.

"Tọ́, tọ́, tọ́" ìgbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ nìkan ló kù. Pọ́ńpù epo SU ni, tí kọ́ńtáàtì inú rẹ̀ ń fò bó ṣe ń kún kábúrẹ́tọ̀. Kọ́ńdẹ́ńsà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ńpù á pa á, mo sì ti ra á. Tíṣà ní kí n mú un lọ sílé. Wọ́n ní bí àwọn bá ti gbọ́ ọ nínú rédíò, àwọn mọ̀ pé epo ń dé.